Ọmọ Tí Àtẹ́lẹwọ́ Rẹ̀ Kò Lè Wo Òkè

Bí àáfà bá ní kí àwọn ọmọ ilé kéú tẹ́ ọwọ́ fún àdúà, wẹ́rẹ́ ni gbogbo àtẹ́lẹwọ́ máa ń yí sókè. A kì í tilẹ̀ ronú pé iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọníyà títí dé Àkàǹràn, a máa ń rí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kan kì í bá èkejì yí. Ọ̀kan á wo òkè, ọ̀kan á dojú bolẹ̀. Àáfà tí kò mọ̀ á ní ọmọ náà ń ṣeré, nígbà mìíràn á ti na pàṣán sí i. Ọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ nínú abala ìlera àti ìmọ́tótó wa lóṣù yìí, bí ó sì ṣe rí lọ́kàn wa ni a ó ṣe sọ ọ́. Ìpalára tó bá ọmọ náà lọ́jọ́ ìbí kì í ṣe ẹ̀bi ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ náà ṣe wá le gbagidi lẹ́yìn náà, inú ilé ni ó ti ń le lọ́pọ̀ ìgbà, torí pé a tètè jáwọ́.

Ọjọ́ ìbí ni ọ̀ràn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Okùn ìmọ̀lára márùn-ún ló jáde láti inú eegun ọrùn, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn lábẹ́ èjìká, kí wọ́n tó pín wọ inú apá. Àwọn ló ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí apá, bí wáyà ṣe ń gbé iná láti orí òpó wọlé. Bí orí ọmọ bá ti jáde, tí èjìká há sẹ́yìn eegun abẹ́ ìyá, tí a wá fa orí náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn okùn yìí lè nà, wọ́n lè ya, èyí tó burú jù ni kí wọ́n já kúrò ní gbòǹgbò. Ọmọ tó tóbi jù, ìyá tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ìrọbí tó pẹ́, ọmọ tó fi ìdí wá, tàbí fífi irin fa ọmọ jáde, àwọn wọ̀nyí ló máa ń fà á jù. Ó sì lè ṣẹlẹ̀ láìsí ọ̀kankan nínú wọn, lọ́wọ́ agbẹ̀bí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú pàápàá. Bí a bá wo gbogbo ayé pọ̀, bí ọmọ kan nínú ẹgbẹ̀rún ni wọ́n máa ń ṣírò, ibì kan a máa dín, ibòmíràn a máa lé.

Orúkọ tí ẹ ó bá lórí káàdì ọmọ ni Erb's palsy. Wilhelm Erb, dókítà ará Jámánì, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1874. Duchenne, ará Faransé, ti kọ nípa rẹ̀ ní 1872 ṣáájú rẹ̀. Kò yọ ọmọ ọba sílẹ̀. Wilhelm Kejì, ọba tó jẹ kẹ́yìn ní Jámánì, ìdí ni ó fi wá sáyé ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1859, apá òsì rẹ̀ sì kúrú ju ọ̀tún lọ títí ó fi kú. Àwọn oníṣègùn ààfin fi iná mànàmáná ta apá náà, wọ́n so èyí tó dára mọ́ ọn lára kí ó lè fi tipátipá lo èyí tó rọ, wọ́n tilẹ̀ ń ti apá ọmọ náà bọ inú ehoro tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń fi yín ṣẹ̀sín pé ará oko ni yín, torí pé ìyá àgbà fi àdí àti ewé pa apá ọmọ, ẹ sọ fún un pé ààfin ọba òyìnbó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí wọ́n máa ń pè é lọ́dọ̀ wa ni rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Òun kọ́. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kì í bá ọmọ wáyé, kòkòrò ló ń fà á, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n sì kéde pé ògidì kòkòrò náà ti kúrò ní àgbègbè Áfíríkà ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa dá abẹ́rẹ́ lẹ́bi. Abẹ́rẹ́ BCG tí ó wà fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, òkè apá òsì ni wọ́n ń gún un sí lẹ́yìn tí a bá bí ọmọ, nítorí náà bí apá òsì bá lọ rọ, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Ìyá á wá sá fún gbogbo abẹ́rẹ́ tó kù, ọmọ tí apá kan ń yọ lẹ́nu á tún wà láìní ààbò lọ́wọ́ èéyi àti ikọ́ líle. Inú awọ ni BCG ń wọ̀, kò dé ibi tí àwọn okùn tí a ń wí wà. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá ọmọ náà ń gbé apá rẹ̀ kí wọ́n tó gún un. Ìdáhùn sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sẹ́ni tó ṣàkíyèsí ni. Ti àwọn tó ń sọ pé ọwọ́ ayé ni, a kò ní jiyàn púpọ̀. A kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń wá ẹni tó ṣe é ń ná oṣù tí ọmọ yìí nílò.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ wa gan-an dá lé, láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Eegun méjì ló wà níbẹ̀, bí igi méjì ara àkàbà. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá wo òkè, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ó bá dojú bolẹ̀, èyí tó wà níhà àtàǹpàkò á yí gun èkejì. Ẹ fi ọwọ́ kan di apá kejì mú kí ẹ yí i, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Ẹran tó ń yí ọwọ́ sókè, ìyẹn èyí tó máa ń yọ kókó bí ọkùnrin bá ká apá láti fi agbára hàn, àti kékeré kan nítòsí ìgúnpá, orí okùn ìmọ̀lára méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n gbára lé. Àwọn méjì yìí gan-an ló máa ń fara pa jù. Àwọn ẹran tó ń yí ọwọ́ dojú bolẹ̀ ń gba àṣẹ tiwọn láti ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí i. Nítorí náà apá kan sùn, apá kejì jí. Èyí tó jí ń fa okùn lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó ń fà á padà. Ọwọ́ ọmọ á rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ìgúnpá á nà tantan, àtẹ́lẹwọ́ á kọjú sẹ́yìn. Àwọn dókítà àgbà a máa pè é ní ọwọ́ ọlọ́pàá tó ń gbowó lẹ́yìn. Kì í ṣe àwa la sọ ọ́ o, inú ìwé wọn ló wà.

Òdìkejì náà wà. Bí ìpalára bá dé àwọn okùn ìsàlẹ̀, tí ẹran ìká-apá wá jí padà nígbà tí àwọn ayí-ọwọ́-dolẹ̀ ṣì ń sùn, ọwọ́ á wo òkè, á sì dúró síbẹ̀. Ọwọ́ alágbe ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ọmọ tirẹ̀ lè tẹ́ ọwọ́ fún àdúà, ṣùgbọ́n kò lè fi àtẹ́lẹwọ́ kanlẹ̀ nínú ìforíkanlẹ̀, kò lè di wàláà mú lórí itan kó kọ̀wé sí i, kò lè bu òkèlè bí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ máa yí ọwọ́ sí ìhà kan ṣoṣo nínú ìtọ́jú. Onífísíò ni yóò sọ ìhà tí ó ń le.

Ibi tí ẹnu wa ti yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ẹbí nìyí. Bí ọmọ bá ti gbé apá sókè, ìdílé á ṣe àlùhámúdúlíláì, gbogbo rẹ̀ á parí. Wọn ò ní í lọ sí físíò mọ́, wọn ò ní í yí ọwọ́ nílé mọ́. Lóòótọ́, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ara wọn máa ń yá láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n èjìká àti ìgúnpá ni gbogbo ayé ń wò. Kò sẹ́ni tó ń wo bóyá ọwọ́ ń yí. Ìyá kan láti abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn mú ọmọ ọdún mẹ́rin wá gba oògùn ibà lọ́dọ̀ wa. A béèrè ọ̀rọ̀ apá rẹ̀, ó ní ó ti san tipẹ́, ó ń sọ òkò, ó ń lé ewúrẹ́. Òótọ́ ni. A ní kí ọmọ náà la àtẹ́lẹwọ́ kó gba súìtì. Ara ló kọ́kọ́ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, èjìká tẹ̀ lé e, àtẹ́lẹwọ́ fúnra rẹ̀ kò yí tó ìlàjì. Nígbà tó fẹ́ fi súìtì sẹ́nu, ó gbé ìgúnpá sókè bí ẹni tó ń fun kàkàkí. Ìyá rẹ̀ wò ó títí. Kò rí i bẹ́ẹ̀ rí, torí pé ọmọ gbọ́n, ó ti rí ọ̀nà mìíràn gbà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ òtítọ́ nípa ọwọ́ ọmọ yín, ẹ di ìgúnpá rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìhà, kí ẹ ká apá náà bí igun ilé, kí ẹ wá ní kí ó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè àti sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe rí i láìsí ìranù èjìká. Ẹ fi wé ọwọ́ kejì.

Ohun tó ń jẹ́ kí ọwọ́ náà máa le sí i ni pé ọmọ ń dàgbà. Eegun ń gùn, ẹran tí kò lágbára kì í bá a gùn dọ́gba. Ọwọ́ tó yí dáadáa ní ọmọ oṣù mẹ́jọ lè ti há ní ọmọ ọdún mẹ́ta bí a bá fi í sílẹ̀. Okùn ìmọ̀lára tó ń hù padà kì í sáré, bíi mìlímítà kan lóòjọ́ ni, ìyẹn bí ínǹṣì kan lóṣù. Láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ ìgúnpá ọmọ, ẹ wo iye oṣù tó máa gbà. Iṣẹ́ ilé ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn ni láti má ṣe jẹ́ kí oríkèé di kí àṣẹ tó dé. Bí okùn bá dé tán tó bá ìlẹ̀kùn ní títì pa, asán ni.

Báyìí ni a ṣe ń yí i. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí dókítà tàbí onífísíò ti wo ọmọ náà, torí eegun ọrùn tàbí ti apá lè ti ṣẹ́ lákòókò ìbí kan náà, wọ́n sì sábà máa ń ní kí apá sinmi fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Bí wọ́n bá ti fún yín láṣẹ, ẹ tẹ́ ọmọ sí ẹ̀yìn, tàbí kí ẹ gbé e sórí itan. Ẹ ká ìgúnpá, kí ẹ fi ọwọ́ kan dì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìhà rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kejì mú apá náà lókè ọrùn ọwọ́ díẹ̀. Ẹ má ṣe mú àtẹ́lẹwọ́ tàbí ìka, nítorí ọrùn ọwọ́ lásán ni yóò lọ́, eegun méjì tí a ń wí kò ní yí. Kí ẹ wá rọra yí i títí àtẹ́lẹwọ́ yóò fi wo àjà. Ibi tó bá ti fẹ́ le, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ kà dé ẹ̀wá, kí ẹ tó dá a padà. Lẹ́yìn náà ẹ yí i kí ó wo ilẹ̀, ẹ tún kà dé ẹ̀wá. Àwọn ìyá kan a máa ṣe subhānallāh mẹ́wàá dípò ení, èjì, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ìyẹn kì í jẹ́ kí wọ́n kánjú. Ìgbà márùn-ún sí mẹ́wàá ní ìhà kọ̀ọ̀kan, nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀. Ọmọ lè ráhùn díẹ̀. Bí ó bá figbe ta, ẹ ti kọjá ààlà, ẹ dẹwọ́. Ẹni tó bá fi agbára yí i lè yẹ orí eegun kúrò láyè rẹ̀ ní ìgúnpá.

A mọ̀ pé ìyá àgbà ló ń wẹ ọmọ lọ́pọ̀ ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Nínú ìwẹ̀ ìbílẹ̀ wa, wọ́n á fa apá, wọ́n á fi apá méjèèjì gbé ọmọ dùrọ̀, wọ́n á jù ú sókè kí ara rẹ̀ lè le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, fún ọmọ tí apá rẹ̀ rọ, ẹ yọ fífà àti gbígbé dùrọ̀ kúrò. Àwọn tó ń to eegun náà, kí wọ́n má fa apá yìí rárá, kì í ṣe oríkèé ló yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wíwẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe ará àtijọ́. Kò sí nọ́ọ̀sì kankan tó lè di apá ọmọ mú lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún odidi ọdún kan. Ẹ̀yin ni ẹ ń ṣe é. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ a máa jẹ́ kí ẹran rọ̀, nítorí náà ẹ̀yìn ìwẹ̀ gan-an ni yíyí ọwọ́ máa ń rọrùn jù. Èrò wa ni pé ìyá àgbà ló yẹ kó bá ìyá ọmọ lọ sí físíò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n fi ọwọ́ hàn án, kó tó jẹ́ pé àlejò ọ̀rọ̀ ni yóò bá a nílé.

Bí ẹ bá ń wọ aṣọ fún ọmọ, apá tó rọ ni kó kọ́kọ́ wọlé, òun náà ni kó jáde kẹ́yìn. Ẹ má fi abẹ́ apá gbé e, ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìdí àti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá pọ̀n ọ́n, kí apá náà wà nínú aṣọ, kó má rọ̀ jọ̀wọ̀jọ̀wọ̀ síta. Ẹ sì máa ṣọ́ ọwọ́ náà lọ́dọ̀ iná àti omi gbígbóná, torí ọmọ lè má mọ̀ ọ́n lára. Òmíràn a máa bu ìka rẹ̀ jẹ láìsunkún.

Nígbà tí ọmọ bá ti ń jókòó, tó ń ṣeré, eré ló máa gba iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ máa fi oúnjẹ rírọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kí ó máa jẹ ẹ́. Kí ó máa da yanrìn láti inú ife kan sí òmíràn. Kí ó máa ṣí ọmọrí ìgò, kí ó máa mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré, kí ó máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbé abọ́ bí ẹni tó ń kiri ọjà. Eyí tí a fẹ́ràn jù ni kíkọ́ ọmọ ní àlùwàlá: kí ó fi ọwọ́ méjèèjì pọ̀ gbọ́n omi bọ ojú. Omi á máa jò lọ́wọ́ kan, ẹ má pariwo mọ́ ọn. Bí ó bá ṣe ń jò sí ni ẹ ó fi mọ̀ bí ọwọ́ ṣe ń yí sí.

Ẹ óò bi wá pé kí ni oògùn rẹ̀, torí oògùn ni iṣẹ́ wa. Kò sí síróòpù, kò sí fítámì, kò sí abẹ́rẹ́ amára-le kankan tí a lè tà fún yín lórí káńtà tó ń jí okùn ìmọ̀lára padà. Ẹni tó bá tà á fún yín ta owó mọ́tò yín. Abẹ́rẹ́ kan wà tí àwọn dókítà àgbà ń lò nígbà mìíràn láti jẹ́ kí ẹran tó ń fà jù sinmi, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ńlá ni ìyẹn, kì í ṣe kẹ́mìsì. Ìpara olóòórùn líle tí àwa àgbà fi ń pa ara ríro, ẹ gbé e jìnnà sí ọmọ ọwọ́. Káńfọ̀ ń bẹ nínú púpọ̀ nínú wọn, ọmọ á sì ti ọwọ́ tí a fi pa bọ ẹnu. Ó lè fa gìrì. Àdí tàbí òróró lásán tó fún ìfọwọ́rá.

Oṣù mẹ́ta ni ẹ fi sọ́kàn. Bí ọmọ kò bá tíì lè ká ìgúnpá fúnra rẹ̀ nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, ẹ má dúró de oṣù mẹ́rin. Ó yẹ kí dókítà tó mọ̀ nípa okùn ìmọ̀lára rí i, nítorí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń tún okùn náà so, inú ọdún àkọ́kọ́ ni ó wúlò jù. Ẹran tó pẹ́ láìrí àṣẹ gbà a máa gbẹ. Bí gbogbo apá bá rọ pátápátá dé ìka láti ọjọ́ ìbí, tàbí ìpéǹpéjú ẹ̀gbẹ́ kan náà rọ̀ sílẹ̀, tàbí ọmọ ń mí gúlegúle, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbéra.

Ibo ni kí ẹ gbà? Ẹ kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ yín, kí wọ́n kọ ìwé fún yín. Àwa ará Ìbàdàn kò jìnnà sí ìrànwọ́ bí àwọn ẹlòmíràn ti jìnnà. UCH ti ń ṣiṣẹ́ láti 1957, Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ń kọ́ àwọn onífísíò láti 1966. Ní 2014, àwọn onífísíò Ìbàdàn tẹ àkọsílẹ̀ jáde lórí àwọn ọmọ tó ní ìpalára yìí gan-an, tí wọ́n tọ́jú ní ilé ìwòsàn ńlá níhìn-ín. Ìmọ̀ wà nílé. Ohun tó ń já wa kulẹ̀ ni ọ̀nà àti owó ọkọ̀. Láti Ejíòkú tàbí Àkàǹràn, ẹni tó fẹ́ dé UCH láàárọ̀ yóò wọ ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, yóò pàdánù ọjọ́ oko tàbí ọjọ́ ọjà. Lẹ́ẹ̀kan ó rọrùn, lẹ́ẹ̀mẹwàá ó di wàhálà. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀lẹ ni ìyá tó jáwọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì. Bí ọ̀tún bá ló fara pa, òsì ni ọmọ yóò máa lò. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àrífín ni kí a na ọwọ́ òsì sí àgbà; nínú ẹ̀sìn wa, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa láti fi òsì jẹun. Ọmọ á wá máa jẹ ègún àti ìbáwí lójoojúmọ́. Ẹ̀yin lèmọ́mù àti àáfà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé àwọn ènìyàn. Imāmu Nawawī, nínú àlàyé rẹ̀ lórí Sahīhu Muslim, ti jẹ́ kó yé wa pé ẹni tí àìsàn tàbí ọgbẹ́ kò jẹ́ kó lè lo ọ̀tún ní àwíjàre, kò sí àbùkù fún un. Nínú ìrun náà, ibi tí agbára ọmọ bá dé ni yóò ṣe é dé. Ẹ kọ́ ọ kó máa sọ pé ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ní ẹrù lọ́wọ́ ọ̀tún ṣe ń sọ ọ́. Síbẹ̀, a kò fẹ́ kí ìyọ̀ǹda náà di ìdí tí ẹ ó fi pa ọ̀tún tì. Nídìí oúnjẹ, ẹ jẹ́ kó fi òsì jẹun ní ìrọ̀rùn. Nídìí eré, ẹ wá gbogbo ọ̀nà kí ọ̀tún náà ṣiṣẹ́.

Ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ wa fún kò pọ̀. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí àáfà tàbí ìyá kan nínú àsàlátù tú ìbora ọmọ, kó wo apá méjèèjì. Bí nǹkan bá já ọmọ ọwọ́ láyà, apá méjèèjì ló yẹ kó ṣí wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá ṣí tí èkejì dúró, ọjọ́ kẹjọ ni a ti mọ̀, kì í ṣe ọdún kẹrin. Èkejì, kí ìgbìmọ̀ sàká mọ́sáláṣí kọ̀ọ̀kan fi owó mọ́tò sílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí òbí rẹ̀ jẹ́ tálákà, títí yóò fi pé ọdún kan ó kéré tán. A máa ń rí owó kó jọ fún kápẹ́ẹ̀tì tuntun, kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kò sì tíì gbó. Ẹ̀yin aboyún wa, ẹ má fi ìtọ́jú oyún ṣeré, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà yín wò, kí ẹ sì bímọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ bí a ṣe ń tú èjìká tó há láì fa orí.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ sì ti pé ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá ńkọ́? Ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣì ń yí nígbà tí ẹlòmíràn yí i, àmọ́ tí ọmọ kò lè yí i fúnra rẹ̀, àwọn dókítà eegun lè fi iṣẹ́ abẹ yí ọ̀nà iṣan kan padà kí ó máa ṣe iṣẹ́ èyí tó sùn. Bí ó bá ti há pátápátá, ó lè di pé kí wọ́n gé eegun kí wọ́n tó dá a sí ipò tó wúlò, ìyẹn sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí mìíràn rèé tí yíyí ilé kò fi jẹ́ asán. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú káàdì ìbí àti káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ dání, kí ẹ sì ti kọ oṣù tó kọ́kọ́ ká ìgúnpá fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín nìyẹn.